Ọjọ́ Kẹjọ Bọ́ sí Sátidé Bọ́ọ̀lù

Ní àdúgbò tí a ń gbé ní Houston nígbà náà, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fún àlejò: má wá lọ́jọ́ Sátidé tí bọ́ọ̀lù bá wà. Obìnrin tó ń bójú tó ọ́fíìsì apartment wa ló kọ́kọ́ fún wa ní tiwa, lọ́jọ́ tó kó kọ́kọ́rọ́ lé wa lọ́wọ́. Ó ní ká máa ra mílíìkì àti búrẹ́dì láti Fúráìdé. Ó ní tí a bá gbé mọ́tò jáde láàárọ̀, ká má retí pé a ó rí ibi tí a ó gbé e sí tí a bá dé. Ó ní ká má pe ẹnikẹ́ni wá kí wa, torí wọ́n máa ń fi igi dí òpópónà wa láti àárọ̀ títí bọ́ọ̀lù á fi parí. Ẹ̀rín músẹ́ ló fi ń sọ ọ́, bí ẹni ń sọ pé òjò máa ń rọ̀ nílùú yìí.

Bọ́ọ̀lù tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tí a mọ̀ nílé. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, wọ́n á dé akoto, wọ́n á máa kọ lu ara wọn bí àgbò. Yunifásítì tí ọkọ mi ń lọ ló ni pápá náà, ẹsẹ̀ lèèyàn sì lè fi rìn débẹ̀ láti ilé wa kí ìrẹsì tó jinná. Ọkọ mi ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, èmi ń ṣiṣẹ́ ní daycare kan, ibi tí wọ́n ti ń bá àwọn òbí tọ́jú ọmọ. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la wà, bálíkónì wa sì kọjú sí títì. Láti ibẹ̀ ni mo ti máa ń wo àwọn èèyàn tó wọ aṣọ pupa láti orí dé ẹsẹ̀, tí wọ́n ń sun ẹran lẹ́yìn mọ́tò wọn, tí wọ́n ń mu ọtí bíà kí oòrùn tó dé àtàrí. Mi ò bá wọn jà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàríyá, kó ṣàríyá. Ohun tí mi ò gbà ni pé kí àríyá ẹnì kan ti ilẹ̀kùn ẹlòmíràn pa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi le báyìí. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú náà ni. Ọkọ mi ń ṣe ìdánwò lọ́sẹ̀ yẹn, a ò mọ ẹnikẹ́ni, ọjọ́ kẹjọ sì kọjá lórí wa bí ọjọ́ lásán. Ìgbà tí ìdánwò parí la tó sọmọ lórúkọ, ní pálọ̀, èmi, bàbá ọmọ, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ torí iṣẹ́. Oyin tí a fi tọ́ ọ lẹ́nu, inú ike tí wọ́n ṣe bí ẹranko béárì ló wà. Nígbà tí mo rí màmá mi bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé, “Àwọn wo ló wà níbẹ̀?”

Mo sọ fún wọn. Wọ́n dákẹ́. Fóònù ilẹ̀ òkèèrè kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi dákẹ́, àmọ́ màmá mi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Ó dáa, Ọlọ́run wà níbẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọnú egungun. Mo ṣèlérí fún ara mi pé ọmọ tí mo bá tún bí nílùú yìí, ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ gan-an ni yóò gba orúkọ, èèyàn yóò sì pé lé e lórí.

Sátidé kan nínú oṣù September ni mo bí ìkejì, obìnrin. Màmá mi ti dé láti ilé wá wẹ ọmọ fún mi, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dé Amẹ́ríkà nìyẹn. Wọ́n fi ìró wé obì, orógbó àti ataare sínú àpótí wọn, wọ́n sì gbé àpótí ọ̀hún sábẹ́ ibùsùn bí ẹni pé olè ń bọ̀ wá gbé e. Ọmọ tí wọ́n bí ní Sátidé, Sátidé tó tẹ̀ lé e náà ni ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, ìyẹn ò nílò ìṣirò. Ọkọ mi lọ wo kàlẹ́ńdà tó wà lára fíríìjì, ó sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni àwọn aláṣọ pupa ń gbàlejò bọ́ọ̀lù.

“Ká sún un sí Sunday,” ló wí.

“Sunday ti di ọjọ́ kẹsàn-án.”

“Mo mọ̀. Àmọ́ àwọn ará church ń bọ̀ láti Stafford, àwọn kan ń bọ̀ láti Humble. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ wọlé? Gbogbo street yìí ni wọ́n máa block.”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n block ẹ̀.”

“Ṣé o ò mọ̀ pé Amẹ́ríkà la wà ni?”

“Ọmọ yìí ò tíì mọ̀,” ni mo fèsì.

Bí ìmọ̀ràn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé nìyẹn. Obìnrin ọ́fíìsì gbọ́, ó kan ilẹ̀kùn wa, ó ní òun kàn fẹ́ rán wa létí ni. Ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní Humble pè mí, ó ní, “Sister, kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ fi wahala pa ara yín? Sunday náà, ọjọ́ Olúwa ni.” Bàbá aláwọ̀ dúdú kan wà lódìkejì títì, ọmọ Texas pọ́ńbélé, tó máa ń tọ́jú koríko iwájú ilé rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú irun orí. Òun náà bá ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù ní àdúgbò yìí, òkú pàápàá máa ń dúró di Monday kí wọ́n tó sin ín.

Nígbà tí ọkọ mi jíṣẹ́ yìí fún mi, mo ní òkú lè dúró, kò kúkú níbi tó ń lọ. Ọmọ tuntun ni kò lè dúró.

Màmá mi ń wẹ ọmọ lọ́wọ́ nígbà tí à ń jiyàn. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, “Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí, ṣé èèyàn ló bí wọn?”

“Èèyàn ni, mọ́mì.”

“Wọ́n sọ wọ́n lórúkọ?”

“Wọ́n sọ wọ́n lórúkọ.”

“Ẹn-ẹn. Kí wọ́n jẹ́ ká sọ tiwa.”

Lọ́rọ̀ kan, mo jókòó ti fóònù pẹ̀lú ọmọ lẹ́nu ọmú, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àlejò ní ìmọ̀ràn. Ẹ gbé mọ́tò sílẹ̀ lódìkejì freeway, títì márosẹ̀ yẹn, níwájú ilé ìtajà ńlá. Ẹ gba abẹ́ afárá kọjá. Ẹ gbé kúlà oúnjẹ lérí, ẹ rìn wá. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ padà, ẹ má padà. Bàbá Àgbà ìjọ wa, tí wọ́n fẹ́ sọmọ lórúkọ, gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n ní, “Ìyá ìkókó, ó ti yé wa. Aṣọ funfun la máa wọ̀ wá.”

Ohun méjì ni kò sí ẹni tó rántí nínú gbogbo wa. Àkọ́kọ́, ìjọ aláṣọ funfun ni wá, ẹni tó bá sì ti wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Ilé la ti máa ń wọ̀ ọ́, a ó jókòó sínú mọ́tò, a ó sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà. Ta ló ń ronú ọ̀dà títì? Ìkejì ni pé àwọn tó ń bọ̀ wá bá àwọn aláṣọ pupa gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, funfun ni àwọ̀ tiwọn.

Nígbà tí Sátidé mọ́, igi ti dábùú títì. Èéfín ẹran ti bo ojú fèrèsé, wọ́n sì ń fun fèrè kíkankíkan. Màmá mi ti wẹ ọmọ, wọ́n ti fi pankẹ́rẹ́ ohùn wọn lé gbogbo wa kúrò ní pálọ̀ kí wọ́n lè gbá a. Omi, iyọ̀, oyin, obì, orógbó, ataare, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú àwo. Èèyàn ni kò sí. Ọkọ mi wọ agbádá, ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Kò sọ pé “mo ti wí fún ọ,” mo sì mọ̀ pé ó wà lẹ́nu rẹ̀.  Mo tún rí pálọ̀ ti ìgbà àkọ́bí mi lọ́kàn, mo rí ọ̀rẹ́ tó ń wo aago.

Mo bọ́ sí bálíkónì. Pupa, pupa, pupa títí dé ìsàlẹ̀ títì. Ìgbà náà ni mo rí funfun kan tó yọ lábẹ́ afárá.

Àwọn tiwa ni. Bàbá Àgbà ló ṣáájú, agogo lọ́wọ́ wọn, àwọn ìyá sì tẹ̀ lé wọn, kúlà lórí, ọmọ lẹ́yìn. Ìrìn wọn kò gún. Wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ sókè bí adìyẹ tó tẹ iná, torí oòrùn September ní Houston kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹsẹ̀ lásán. Àwọn aláṣọ pupa rí aṣọ funfun, wọ́n rò pé àwọn ọ̀tá tó wá gbá bọ́ọ̀lù ló dé, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó lé wọn lórí. Ariwo náà pọ̀ gan-an. Bàbá Àgbà dúró, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n sì súre fún gbogbo wọn. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló kọ́kọ́ jáde.

Bàbá ọmọ Texas lódìkejì wo ẹsẹ̀ wọn. Ó wò ó títí. Ó fa rọ́bà tó fi ń bomi rin koríko rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sójú títì níwájú wọn, ó ń fi ẹ̀yìn rìn bí wọ́n ṣe ń bọ̀, títí wọ́n fi dé ibi igi tí wọ́n fi dínà.

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dúró. Ọkùnrin sẹ̀kúrítì tó wà níbi igi ní òun ò lè jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ẹni tó ní tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù tàbí ẹni tó ń gbé ládùúgbò nìkan ló lè wọlé. Mo ń gbọ́ bí Bàbá Àgbà ṣe ń ṣàlàyé, mo sì ń rí bí ọkùnrin náà ṣe ń mi orí.

Mo wọlé, mo gbé ọmọ mi.

“Níbo lò ń gbé e lọ?” Màmá mi ti dí ilẹ̀kùn. “Ọmọ tí kò tíì lórúkọ! A kì í gbé e jáde!”

“Mò ń gbé e lọ gba orúkọ ni, mọ́mì. Tí wọn ò bá jẹ́ kí orúkọ wọlé, àwa á jáde lọ bá a.”

Màmá mi wò mí. Mo mọ ojú yẹn láti kékeré, mo sì ti múra fún un. Wọ́n kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbé àwo, wọ́n tẹ̀ lé mi, ọkọ mi gbé àkọ́bí wa lérí èjìká, ó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nígbà tí mo dé ibi igi, mo sọ fún ọkùnrin náà pé àlejò mi ni wọ́n. Ó bi mí pé èwo nínú wọn ni ẹbí mi. Mo ní gbogbo wọn. Ó ní kò ṣeé ṣe. Mo ní, “Ó dáa, dúró ti igi rẹ.” Mo gbé ọmọ kọjá lórí igi náà sí ọwọ́ Bàbá Àgbà.

Kúlà ìrẹsì la fi ṣe tábìlì. Bàbá Àgbà lu agogo, wọ́n fi omi tọ́ ọmọ lẹ́nu, wọ́n fi iyọ̀ tọ́ ọ. Oyin tó kàn, inú ike béárì náà la tún ti dà á sínú àwo, oyin ò kúkú bínú. Wọ́n dárúkọ rẹ̀. N kò ní kọ orúkọ náà síbí, ọmọ náà ló ni ín. Gbogbo wa jọ pè é. Wọ́n ní ká tún un pè, a tún un pè.

Àwọn aláṣọ pupa ti yí wa ká báyìí, bíà lọ́wọ́ wọn. Kí n sọ ohun kan tí mo mọ̀ nípa wọn: tẹ́ ẹ bá pariwo ohunkóhun lẹ́ẹ̀mejì níwájú wọn, wọ́n á bá yín pa ìkẹta. Nígbà tí a pe orúkọ ọmọ mi lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo títì ló gbè é. Wọn ò pè é dáadáa o, wọ́n gé e lórí, wọ́n gé e nírù. Àmọ́ wọ́n pè é, láti ibi igi títí lọ dé abẹ́ afárá, àwọn tí kò rí wa rárá sì ń pè é lọ. Ọkùnrin sẹ̀kúrítì fi ẹsẹ̀ ti igi rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kọjú sí ibòmíràn. Obìnrin ọ́fíìsì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wò wá. Mo kí i.

Màmá mi dúró láàárín aṣọ pupa, àwo iyọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. “Tí mo bá délé,” ni wọ́n wí, “wọ́n á bi mí pé àwọn wo ló wà níbẹ̀.”

“Kí lẹ máa sọ fún wọn?”

Wọ́n wo títì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“N ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó ná.”