Ohùn Tí Wọ́n Fi Sí Ìyá Mi Lẹ́nu

Ọdọọdún ni ìyá mi máa ń súre fún wa, bẹ́ẹ̀ ó ti kú láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún márùn-ún.

Inú fíìmù ni ó ti ń súre. Bàbá mi ló ya fíìmù náà ní àgbàlá ilé wa ní Ìbàdàn, ẹ̀rọ tí ó yá níbi iṣẹ́ ni ó fi yà á. Kò gùn, kò sì ní ohùn rárá. Ìyá mi pọn àbúrò mi sẹ́yìn, ó ń sá aṣọ sórí okùn. Ó yíjú sí wa, ẹnu rẹ̀ ń lọ, ó na ọwọ́ kan, fíìmù tán. Tí àyájọ́ ikú rẹ̀ bá pé, bàbá mi á ta aṣọ funfun sára ògiri, á tan ẹ̀rọ, á wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà. Bí ẹnu ìyá mi bá ti ṣí, bàbá mi ni á máa sọ̀rọ̀: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fẹ́ràn ara yín. Ẹ ò ní rí ìpọ́njú. Ibi yòówù kí n wà, ojú mi wà lára yín.” Àwa á sì dáhùn “Àmín” kíkankíkan. Ẹni tó bá yọjú lójú fèrèsé á rò pé orí wa ti yí.

Iṣẹ́ tí bàbá mi kọ́ nìyẹn. Kí wọ́n tó bí mi, ọkọ̀ sinimá ìjọba ni ó ń bá kiri abúlé. Fíìmù ìgbà náà kì í sọ̀rọ̀, bàbá mi ló máa ń dúró ti aṣọ funfun, tí á máa sọ ohun tí gbogbo wọn ń wí: dókítà, àgbẹ̀, ìyàwó àgbẹ̀, títí kan ewúrẹ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n káàkiri. Nígbà tí fíìmù tí ohùn Yorùbá ti wà nínú rẹ̀ dé, ọ̀gá rẹ̀ gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ máa tọ́jú jẹnẹrétọ̀. Bàbá mi ní ohun tó dun òun jù ni pé àwọn ará abúlé ò tilẹ̀ bèèrè òun.

Ọdún tó kọjá ni mo mú un wá sọ́dọ̀ mi ní Muwaileh, nílẹ̀ Lárúbáwá níbí. Ẹsẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ojú àti etí rẹ̀ ṣì mú. Àbúrò mi, ọmọ ẹ̀yìn inú fíìmù yẹn, ń gbé ní Al Mamzar. Fídíò ìpolówó ọjà ni ó ń ṣe jẹun, ó sì gbà pé kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà ò lè tún ṣe. Òun náà ló ní kí wọ́n da fíìmù màmá sórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí àyájọ́ ikú rẹ̀ pé, tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì Jebel Ali dé, ó ki fláàṣì kan bọ tẹlifíṣọ̀n mi, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbé ẹran pamọ́.

“Sister mi, today no be Daddy go talk o,” ó ní. “Daddy, ẹ jókòó, ẹ sinmi. Màmá fúnra wọn ló máa sọ̀rọ̀.”

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi yíjú sí wa. Ẹnu rẹ̀ ṣí, ohùn obìnrin kan sì jáde: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fẹ́ràn ara yín.”

Mi ò mọ ohùn ìyá mi. Gbogbo ohun tí mo ní nípa rẹ̀ ni òórùn ọṣẹ kan, àti ọjọ́ tí ó gbá mi létí nítorí ṣúgà. Láti ìgbà tí mo ti ní ọmọ tèmi ló ti ń dùn mí pé mi ò lè rántí bí ó ṣe ń pè mí. Mo fẹ́ kí ohùn yìí jẹ́ tirẹ̀. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo ti ń sunkún kí n tó fura pé ohùn náà ti mọ́ jù, bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn. Ẹnu ìyá mi gan-an, wọ́n ti tún un ṣe kó lè bá ọ̀rọ̀ mu.

Ìyàwó àbúrò mi kígbe “Àmín!” Èmi náà ṣe é. Bàbá mi nìkan ni kò dáhùn.

“Ta ló ní kó sọ bẹ́ẹ̀?” ó bèèrè.

“Daddy, ọ̀rọ̀ yín náà ni now,” àbúrò mi ní. “Word for word. AI ló kàn bá wa sọ ọ́.”

“Ọ̀rọ̀ mi ni,” bàbá mi ní. “Ẹ gbé oúnjẹ wá.”

Àbúrò mi rò pé ayọ̀ ló pa Daddy lẹ́nu mọ́. Kó tó jẹ ìrẹsì rẹ̀ tán, ó ti fi fídíò náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp. Èmi mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Bàbá mi ò fọwọ́ kan ẹran.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó yẹ kí n ti wà ní Deira, níbi tí mo ti ń ra ọjà tí mò ń kó lọ sí Èkó. Mo bá bàbá mi níwájú tẹlifíṣọ̀n, rìmóòtù lọ́wọ́, ó ti dá fídíò náà dúró lójú ìyá mi.

“Daddy, ṣé inú ń bí yín ni?”

“Irọ́ ni mo ń pa fún yín,” ó ní. “Kò súre fún ẹnì kankan lọ́jọ́ náà.”

Mo jókòó.

“Ara ìyá ẹ ò yá. Ó ní, ‘Ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀. Ẹ wá gba ọmọ yìí lẹ́yìn mi. Ó ti rẹ̀ mí.’ Mo ní kó dúró ná, kó rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí mo fẹ́ dá ẹ̀rọ padà lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló lọ. Nígbà tí ẹ wá ń sunkún pé kí ni màmá ń wí, kí ni kí n sọ? Mo ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe lábúlé. Fíìmù tí kì í sọ̀rọ̀, èmi ni mo máa ń wá ọ̀rọ̀ fún un. Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé ibo ni mo ti gbọ́ ọ.”

Inú bí mi gan-an. Gbogbo Àmín tí mo ti ń ṣe láti kékeré, ta ni mo ń ṣe é fún? Mo wá èébú tó ṣeé bú bàbá ẹni, mi ò rí. Mo wá bi í léèrè ohun tí mo ti fẹ́ bèèrè láti àná.

“Ohùn yẹn ńkọ́? Ṣé ó jọ tiwọn?”

Ó yíjú sí tẹlifíṣọ̀n. “Kò jọ ọ́ rárá. Ṣùgbọ́n láti àná, tí mo bá fẹ́ rántí tirẹ̀, eléyìí ló ń wá. Mo ti ń wá tirẹ̀ láti ìdájí. Eléyìí ló ń jẹ́ mi.”

Ẹ̀rù bà mí. Láyé tí a wà yìí, etí ọkùnrin yìí nìkan ni ohùn ìyá mi ṣẹ́kù sí. Mo pe àbúrò mi.

“Yalla, yọ fídíò yẹn kúrò lórí WhatsApp, kíá!”

“Ẹ̀gbọ́n mi, khalas, ó ti parí, ó ti lọ. Uncle ti forward ẹ sí gbogbo ilé. Everybody dey cry. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

Ẹyin lọ̀rọ̀, eléyìí sì ti balẹ̀. Mi ò mọ ibi tí mo lè ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó wúwo lẹ́yìn ìyá mi lọ́jọ́ náà ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní kò sí nǹkan, mo gé fóònù.

“Pa ohùn yẹn,” bàbá mi ní.

Mo wá ojúlówó fíìmù náà nínú fláàṣì, èyí tí wọn ò tíì tún ẹnu rẹ̀ ṣe. Bàbá mi nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

“Dúró síbẹ̀. Sọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́.”

“Daddy, mi ò mọ ohùn wọn.”

“Ṣáà sọ ọ́.”

Ìyá mi sá aṣọ, ó yíjú sí wa. Ó ti rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ó hàn lójú rẹ̀, mi ò mọ bí mi ò ṣe rí i ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ọwọ́ tí a rò pé ó fi ń súre dìde.

“Ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀,” mo ní. “Ẹ wá gba ọmọ yìí lẹ́yìn mi. Ó ti rẹ̀ mí.”

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé rìmóòtù sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

“Mo ti gbé e sílẹ̀,” ó ní. “Ó yá, sọ ọmọ kalẹ̀ fún mi.”