Ìwé Tí Gbogbo Lotto Ń Tọ́ka Sí

Ẹ bá mi yọ̀, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti balẹ̀ sí Mowe!

Láàárọ̀ yìí, mo ń máàkì pírọ́jẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ọ̀kan dá lórí títa ẹja àrọ̀, èkejì lórí títa òkìrìkà. Àwọn méjèèjì tọ́ka sí ìwé gbajúmọ̀ kan lórí genetic algorithm, ìyẹn ọgbọ́n tí kọ̀ǹpútà fi ń sin ìdáhùn bí ẹni ń sin ewúrẹ́, títí èyí tó dáa jù á fi yọjú.

Kí ló kan ẹja àrọ̀ níbẹ̀?

Mo gba ṣọ́ọ̀bù Ìyá Kàfáyà lọ ní àdúgbò Lotto, ẹni tó bá wọn fi kọ̀ǹpútà tẹ iṣẹ́ náà.

"Ẹ kúuṣẹ́ o. Ta ló ní kẹ́ ẹ fi ìwé yìí síbẹ̀?"

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin lẹ ní ìwé tí wọ́n máa tọ́ka sí ò gbọ́dọ̀ dín ní ogún. Bí tiwọn ò bá pé, òun ni mo fi ń dí àlàfo. Ìwé ńlá ni, gbogbo ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń tọ́ka sí i."

"Ṣé ẹ ti kà á ni?"

"Rárá o. Inú iṣẹ́ tí mo bá yín tẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni mo ti rí i. Ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

Ni mo bá rántí pé mo gbé ẹ̀wà kaná.

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé orí ìkànnì yìí, ta ló ti ka ìwé náà ní tòótọ́? Ẹ sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún mi, kí n tó tún gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn kọjá.