Ohun Tó Gbé Mi Dé Abà Adégún

Làmídì di ìyàwó rẹ̀, Ràfátù, mú sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀ akóṣu níwájú ilé ìwòsàn wa ní Ring Road. Ìyá Làmídì pọn ọmọ tuntun tẹ̀lé wọn. Dókítà kékeré ni mí nígbà náà, láàárín àwọn ọdún 1990, èmi ni mo sì kọ́kọ́ pàdé wọn.

"Dókítà, ẹ gbà wá," ni Làmídì wí. "Látìgbà tó ti bímọ ni kò ti sọ̀rọ̀. Kò fọwọ́ kan ọmọ."

"Ṣé ó ń sùn?"

"Rárá. Ògiri ló ń wò mọ́jú."

Ọ̀gá mi ṣàlàyé fún wọn pé àìsàn ọpọlọ tó máa ń mú àwọn ìyá ìkókó mìíràn ni, àti pé ó gbóògùn. A dá a dúró. Nígbà tó ṣe, ó béèrè omi. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n gbé ọmọ òun wá. Inú mi dùn débi pé mo ra mínírà fún àwọn nọ́ọ̀sì.

Wọ́n lọ sílé, ṣùgbọ́n ọjọ́ tá a dá fún wọn kọjá, a ò rí wọn. Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo kó oògùn sápò, ó di Abà Adégún, abúlé wọn. Tíṣà ni ìyá mi ní Bódìjà, ọ̀rọ̀ náà ò yé wọn rárá.

"Ta ni yóò fẹ́ dókítà tó ń lé wèrè kiri oko?"

"Ẹ jẹ́ kí n rí ọkọ̀ wọ̀ ná, Mọ́mì. Ọkọ ń bọ̀ lẹ́yìn."

Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọ̀kadà ló gbé mi dé ibẹ̀. Mo bá Ràfátù lẹ́yìn ilé, ó tún ti dákẹ́. Oògùn rẹ̀ ti tán, ọkọ̀ ò sì wọ abà mọ́. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣe gàrí ti sá fún un.

Mo fún un lóògùn, mo wá lọ bá àwọn obìnrin náà níbi tí wọ́n ti ń bẹ gbágùúdá. Mo mú ọ̀bẹ, mo jókòó. Bí mo ṣe ń bẹ ẹ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

"Ṣé kì í ràn?" ni ìyá àgbà kan béèrè.

"Kì í ràn, ìyá. Bí ibà ṣe ń mú ara ni èyí ṣe ń mú ọpọlọ. Ó ń lọ bí aláìsàn bá ń lo oògùn, tí wọn ò sì dá a dá a."

Ìyá àgbà náà sún lórí bẹ́ǹṣì, ó pariwo sí ẹ̀yìn ilé: "Ràfátù! Máa bọ̀, wá jókòó."

Bí mo ṣe ń múra àtilọ ni obìnrin mìíràn fà mí lápá. "Àbúrò mi náà wà nínú yàrá o, Dókítà. A ò jẹ́ kí èèyàn rí i ni." Mo bá a lọ. Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé ọ̀pọ̀ àwọn tó nílò wa kò ní dé Ring Road láé.

Mo ròyìn ohun tí mo rí ní abà, ọ̀gá mi gbà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀ lóṣooṣù, à ń tọ́jú aláìsàn nínú kíláàsì ilé ìwé wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo bá Ràfátù tó pọnmọ, tó ń bá oníbàárà rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ gàrí, ohùn rẹ̀ gba gbogbo abà. Làmídì yọ́ sún mọ́ mi.

"Dókítà, ṣé ẹ ò ní oògùn tí yóò dín ariwo yìí kù díẹ̀?"

"Mi ò ní in," ni mo dá a lóhùn, àwa méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.

Àwọn tá a jọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ iṣẹ́ abẹ, àwọn mìíràn wọ bàálù lọ sókè òkun. Èmi mú ìtọ́jú ọpọlọ. Láti abà kan la ti dé òmíràn. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n láàárọ̀ tí mo bá mọ̀ pé àwọn dókítà tí mo kọ́ wà lọ́nà oko, ṣe ni ara mi máa ń yá gágá.