Ẹni Tó Ń Bọ̀ Wá Bọ Ilẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ṣi òun gbọ́, kó dé Ajah, kó ní iṣẹ́ ilẹ̀ lòun ń ṣe. Èmi ti dán an wò. Mo kọ́ iṣẹ́ náà, mo ṣe ìdánwò, wọ́n sì fún mi ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n lẹ òǹtẹ̀ aláwọ̀ wúrà mọ́, pé mo tó ẹni tí àgbẹ̀ lè pè kó wá fi ọ̀nà ìtọ́jú ilẹ̀ oko hàn wọ́n, kí ilẹ̀ má baà ṣá, kí àgbàrá má sì gbé e lọ. Kọnsọ́táǹtì ni wọ́n ń pè wá. Àdáni ni tèmi, kì í ṣe ti ìjọba. Ṣùgbọ́n láti Lẹ́kí títí dé Ajah, ẹnì kan ṣoṣo ni kọnsọ́táǹtì ilẹ̀: ẹni tó ń ta ilẹ̀. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi fún ẹnikẹ́ni rí kó má bi mí pé, “Ọ̀gá, plọ́ọ̀tì yẹn, ṣé ó ní C of O?” Bí mo bá ní èmi kì í ta ilẹ̀, pé kí ilẹ̀ má lọ ni iṣẹ́ mi, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á ní bí gbogbo àwọn tó ń ta ilẹ̀ ṣe máa ń sọ náà nìyẹn.

Inú máa ń bí mi. Mi ò ní parọ́, mo ní ìbínú. Ìyàwó mi ní ìbínú mi lè se ẹ̀wà jinná láìlo gáàsì.

Alága ẹsítéètì kan lẹ́yìn Ajah ló pè mí sí iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Mi ò ní sọ ẹsítéètì wo. Thomas Estate ni èmi ń gbé, kì í ṣe ibẹ̀, ẹ má wá mi wá. Alhájì ni alága, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì, ohun tó sì ń dà á láàmú kò ju yanrìn lọ. Lẹ́yìn fẹ́ǹsì wọn, ilẹ̀ gbalasa kan wà tí àwọn àgbẹ̀ ń gbin ẹ̀fọ́ sí. Ẹbí tó ni ilẹ̀ náà yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn nítorí pé omi máa ń dúró síbẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á. Bí òjò bá ti rọ̀, àgbàrá á kó yanrìn oko wọ gọ́tà ẹsítéètì, gọ́tà á dí, omi á sì wọ pálọ̀ àwọn èèyàn láìkan ilẹ̀kùn.

“Look, consultant,” alága wí fún mi, “òjò tó ń bọ̀ yìí ni last chance. Tí sand bá tún wọ gutter wa, mo ti bá ẹbí onílẹ̀ sọ̀rọ̀, gbogbo wọn máa pack out. Including màmá yẹn.”

Màmá yẹn ló pẹ́ jù lórí ilẹ̀ náà. Ó ti ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtimọ fẹ́ǹsì. Ẹ̀fọ́ yẹn ló fi tọ́ ọmọ, òun náà ló ṣì fi ń jẹun láìtọrọ lọ́wọ́ ọmọ. Ìjẹ̀bú ni màmá ń sọ, Ìjẹ̀bú etí omi tí ahọ́n mi kò lè yí, nítorí náà èdè tèmi ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ wo oko, ó bi mí bóyá mo wá lé òun ni. Mo ní, “Rárá, màmá, kí wọ́n má baà lé yín ni mo ṣe wá.” Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó tẹjú mọ́ bàtà mi, ó ní, “Ẹni tó ń wọ irú bàtà yìí ni wọ́n máa ń rán.”

Iṣẹ́ náà kò le. Ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò ni àgbàrá ń gbé. Kí wọ́n wá koríko gbígbẹ, kí wọ́n wá ewé, kí wọ́n fi bo ilẹ̀ àárín ebè, ó parí. À bá ti sọ ọ́ lójúkojú, ṣùgbọ́n bí èyí bá wà lóko, tọ̀hún á wà lọ́jà, òjò sì ti ń ṣú. Mo ní kí n fi ránṣẹ́ sí wọn lórí Wásáàpù ná, pé tí mo bá dé ní Sátidé, n ó ṣàlàyé èyí tó kù. Ohun tí mo kọ nìyí:

“Gbogbo agbe, e bo ile ki ojo to ro. Eni ti ko ba bo ile yoo jebi. Mo n bo ni Satide lati wo bi e se bo o.”

Fóònù mi kò ní àmì. Ọ tó ní àmì lábẹ́ àti o tí kò ní, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. Àmì tí kò tó hóró tẹ̀tẹ̀ ló dá gbogbo wàhálà tó tẹ̀lé e sílẹ̀.

Àgbẹ̀ tí ebè rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti màmá jẹ́ wòlíì nínú ìjọ aláṣọ funfun kan. Ó ń lẹ táyà ní ìkóríta Ajah láàárọ̀, ó ń roko nírọ̀lẹ́, wòlíì sì ni láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Òun ló máa ń ka ọ̀rọ̀ Wásáàpù fún àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, títí kan màmá. Nígbà tó ka tèmi, kò rí koríko gbígbẹ kankan níbẹ̀. Ohun tó rí ni pé kí gbogbo àgbẹ̀ bọ ilẹ̀, kí wọ́n rúbọ sí i, pé ẹni tí kò bá bọ ọ́ yóò jẹ̀bi, àti pé kọnsọ́táǹtì fúnra rẹ̀ ń bọ̀ ní Sátidé láti wo bí wọ́n ṣe bọ ọ́. Ó gbé ohùn rẹ̀ sórí Wásáàpù. Wọ́n jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́yìn náà: “Brethren, ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n ti rán ènìyàn sí wa pẹ̀lú certificate. Certificate láti ibo? Jésù mi ò ní gbà!”

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìran dé. Ẹ̀mí ní kí wọ́n lọ gé imọ̀ ọ̀pẹ, kí wọ́n fi bo gbogbo oko láìdá àlàfo kankan sí, kí ẹni tó ń bọ̀ wá bọ ilẹ̀ má baà rí ilẹ̀ bọ.

Màmá kò bínú ní tirẹ̀. Ó gbà kí wọ́n to imọ̀ sí ebè òun pẹ̀lú, ó sì ní, “Ilẹ̀ tó ti ń bọ́ mi láti ọjọ́ yìí wá, bí wọ́n bá ní kí n bọ ọ́, kí ló burú níbẹ̀?” Ó rẹ ẹ̀wà, ó bó o, ó fi din àkàrà.

Alága tí mo fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí pẹ̀lú kò rí ilẹ̀ níbẹ̀ rárá. Ilé ló rí. Kí wọ́n bo ilé kí òjò tó rọ̀. Ó gbà pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni, ó yọ “agbe” kúrò, ó fi “residents” dípò, ó tì í sórí Wásáàpù ẹsítéètì.

Bí mo ṣe wọ géètì ní Sátidé, mo rò pé mo ṣìnà. Tapólíìnì búlúù ni lórí òrùlé káàkiri, wọ́n fi okùn so wọ́n mọ́ ẹsẹ̀ jẹnẹrétọ̀ àti igi máńgòrò. Ilé alága fúnra rẹ̀ dà bí ẹrù tí wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi gbé lọ. Alága dúró níwájú rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. “Consultant! Compliance is almost total!” Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Mo ní ẹ ṣeun, sà.

Agogo ń dún lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Àwọn aláṣọ funfun tò yí oko ká, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ wọn, àbẹ́là ń jó lọ́wọ́ wọn nínú oòrùn ọ̀sán. Bí mo ṣe yọjú, wòlíì nawọ́ sí mi. “Òun nìyẹn! Ẹni tó ń bọ̀ wá bọ ilẹ̀!” Wọ́n da omi àdúrà lù mí. Wọ́n wọ́n iyọ̀ lé e.

Mo la ẹnu láti bú wọn, ojú mi sì lọ sílẹ̀. Kò sí ilẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ ni láti ẹsẹ̀ mi títí dé fẹ́ǹsì, wọ́n tò ó léra, ẹ̀fọ́ nìkan ni wọ́n jẹ́ kó yọrí. Ibi tí imọ̀ kò ká, koríko gbígbẹ ni wọ́n fi dí i. Láti ìgbà tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí, mi ò rí oko tí wọ́n bo ilẹ̀ rẹ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí, kódà nínú àwòrán tí wọ́n fi kọ́ wa.

“Ta ló kọ́ yín?” mo bi wòlíì.

“Holy Spirit ni! O ò ráyè!”

“Ohun tí mo ní kí ẹ ṣe gan-an nìyí! Ẹ bò ó! Bò!”

Agogo kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìyàtọ̀. “Ẹ gbọ́! Ó tún ti sọ ọ́!” Omi àdúrà tún dé.

Ariwo yìí ló mú alága wá. Ó bá màmá tó gbé abọ́ àkàrà jókòó, ó rò pé ìpàdé ni, ó mú ọ̀kan. Wòlíì ké pé ẹbọ ni Alhájì ń jẹ. Alága dúró, ẹnu rẹ̀ kún. “Ẹbọ kẹ̀? Ritual nínú estate mi?”

“Ilẹ̀ ti jẹ tirẹ̀ láàárọ̀,” màmá wí. “Tàwọn èèyàn lèyí. Ẹ jẹun yín.”

Nígbà tí agogo dákẹ́, mo mú igi kí n fi kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kí wọ́n fojú rí àmì abẹ́ ọ. Mi ò rí ilẹ̀ tó ṣí tí mo lè kọ ọ́ sí. Mo fi bírò kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi nígbẹ̀yìn. Wòlíì gbá ọwọ́ mi mú, ó wò ó títí, ó ní, “Ẹ̀mí mọ ibi tí àmì wà. A ti ṣẹ́gun.”

Mo rí i pé bí mo bá jàre, oko á tún wà ní ìhòòhò. Mo ní, “Wòlíì, bí imọ̀ yìí bá wá jẹrà ńkọ́? Ọ̀tá lè padà o.”

“A ó gé òmíràn lé e!”

Mo ní àmín. Mo sì sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Òjò rọ̀ bí ẹni tó ní ìjà tẹ́lẹ̀. Ó ya tapólíìnì, ó gbé ti alága wọ ilé aládùúgbò. Nígbà tó dá, alága gbé bàtà rọ́bà wọ̀, ó dúró ti gọ́tà. Omi ń ṣàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò kó yanrìn dání. “Water yìí mọ́ ju ti borehole mi lọ,” ó ní. “Màmá can stay. I gave my word.” Mo sáré lọ sọ fún màmá. Ó fa ṣọkọ tu, ó dì í lé mi lọ́wọ́. Inú mi dùn débi pé lọ́jọ́ yẹn, mo rẹ́rìn-ín sí ẹni tó bi mí léèrè plọ́ọ̀tì.

Àwọn aláṣọ funfun kò jẹ́ kí ọ̀tá ráyè. Bí imọ̀ kan ti ń jẹrà ni wọ́n ń kó òmíràn lé e, tí wọ́n ń lu agogo. Ilẹ̀ náà dúdú, ó rọ̀, ó ń mu omi. Kí àsìkò òjò tó parí, omi kò dúró lórí rẹ̀ mọ́. Ẹbí onílẹ̀ wá wò ó lọ́jọ́ kan. Wọ́n rìn ín já, bàtà wọn kò tutù. Ní apá ibí wa, ilẹ̀ tí kò lè mú bàtà tutù ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, wọ́n sì kọ orúkọ náà sórí pátákó, wọ́n rì í mọ́ àárín ebè màmá: DRY LAND FOR SALE. Wọ́n tún kọ ọ́ wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ pé: Treated by Certified Land Consultant.

Mo di ohun tí gbogbo ayé ti ń pè mí.

Wọ́n ní kí gbogbo àgbẹ̀ kó ẹrù wọn. Mo lọ bá alága. “I kept my word,” ó ní. “Èmi kọ́ ni mo lé wọn. Kò sí sand kankan nínú gutter mi. In fact, ẹ bá mi bi wọ́n, èló ni half plot?” Inú bí mi. Mo padà lọ fa pátákó náà, kò tu, kọnkéré ni wọ́n fi rì í. Wòlíì wá gbàdúrà sí i. Kò tu fún òun náà.

Màmá ni mo bá lórí ìkúnlẹ̀ láàrin ebè rẹ̀. Ó ti ká imọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi abọ́ bu ilẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ǹtì. Àwọn kan ti kún, ó ti fi okùn so wọ́n lẹ́nu.

“Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe?”

Kò gbójú sókè. “Ṣé ìwọ lo ní kí n má jẹ́ kí ilẹ̀ mi bá àgbàrá lọ? Èmi ló ń bá lọ.”

Ẹ̀yìn ilé ọmọ rẹ̀ ní Abraham Adésànyà ló ń kó o lọ, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Mo bọ́ bàtà, mo bá a bu èyí tó kù, a sì kó wọn dé ibi tí kẹ̀kẹ́ wà. Oníkẹ̀kẹ́ pariwo. “Màmá, ilẹ̀ ni ẹ fẹ́ kó wọ kẹ̀kẹ́ mi? Ṣé kò sí ilẹ̀ níbi tí ẹ ń lọ ni?”

“Ó wà,” màmá dáhùn. “Tèmi ni kò sí níbẹ̀.”

Mo jókòó tì í, àpò kan lórí itan mi. Bí a ṣe ń jáde ní géètì, mo rí i pé àpò náà ti lu. Ilẹ̀ dúdú yẹn ń jò díẹ̀díẹ̀ sójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ ẹ lọ sí ọ̀nà gọ́tà. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ihò náà. Mi ò gbé e kúrò títí a fi dé Abraham Adésànyà.