Eruku Irin Inú Ìbàdí Bàbá Akínbíyì

Ọjọ́ tí Bàbá Theophilus Akínbíyì bá ẹyọ ẹran tí wọ́n gé lára wọn jà ní ilé ìwòsàn, àwọn nọ́ọ̀sì ti gbé ìròyìn náà dé Bódìjà kí Bàbá fúnra wọn tó délé.

Irin ni wọ́n fi rọ́pò oríkèé ìbàdí wọn ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1963. Àlejò ò tíì jókòó tí Bàbá á fi ní, "Ẹ kàn án kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún!" Kò dún rí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Bàbá ń tiro, ìrora ò sì jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Dókítà Olúdọ̀tun ní òun máa gé ẹran díẹ̀ níbi tó yí irin náà ká, kí òun fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò.

"Tó bá jẹ́ kòkòrò ló wọ ibẹ̀, Bàbá, a máa yọ irin náà dànù. Tó bá jẹ́ pé irin náà kàn gbó ni, a lè fi òmíràn sí i."

"Báwo lẹran náà ṣe máa tóbi tó?"

"Bí hóró ẹ̀wà kan."

"Ẹ jẹ́ kó jẹ́ hóró ìrẹsì. Ẹran mi ò pọ̀."

Wọ́n ná an títí bí ẹni pé ọjà Dùgbẹ̀ ni wọ́n wà. Hóró ẹ̀wà náà ni dókítà padà gé.

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, Màmá Moróunkẹ́, ìyàwó wọn, bá wọn lọ.

"Kò sí kòkòrò," dókítà wí. Màmá mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n eruku irin kún inú ẹran náà. Irin àti irin ń ha ara wọn. Bàbá, kí lẹ ń fi ìbàdí yìí ṣe?"

"Mo ń fi í jókòó ka Bíbélì."

"Ẹ sọ ti kẹ̀kẹ́ fún wọn," ni Màmá wí.

"Kẹ̀kẹ́ wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ ń gùn lọ sí Ṣálẹ́ńjì láràárọ̀."

Dókítà ní kí Bàbá wá fojú ara wọn wò ó. Wọ́n dojú bo awò náà, wọ́n rí nǹkan dúdú wínníwínní nínú ẹran. Inú bí wọn. "Ìwọ yìí! Mo ń bọ́ ọ láti kékeré, ìwọ lo wá ń ṣòfófó mi fún dókítà!"

Wọ́n fi irin mìíràn sí i. Màmá fi kẹ̀kẹ́ náà ta ẹnì kan lọ́rẹ. Bàbá ò wá ríbi lọ mọ́, ni wọ́n bá ń lọ kí àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ilé ìwòsàn, wọ́n á máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn, Sẹ̀gilọlá, tíṣà kan ní Agbowó tí ìbàdí tirẹ̀ náà ò jẹ́ kó lè rìn dáadáa, kọ̀ jálẹ̀ pé wọn ò ní í fi abẹ kan òun. Ẹ̀rù ń bà á. Bàbá ò pa á lẹ́rìn-ín. "Èmi náà sunkún," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ, wọ́n sì di ọwọ́ rẹ̀ mú títí àwọn nọ́ọ̀sì fi wá gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ.

Bàbá kú lọ́dún 1969. Lọ́jọ́ ìsìnkú, dírẹ́bà takisí kan rí Sẹ̀gilọlá tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti Agbowó síbi ìsìnkú náà, aṣọ dúdú lọ́rùn, òógùn lójú. Dírẹ́bà náà dúró, ó ní kó wọkọ̀, òun ò níí gbowó.

"Ẹ ṣeun," ló fèsì. "Ẹ jẹ́ kí n rìn ín."