Orúkọ Màmá Bọ́sẹ̀ Nínú Fíìmù Ọ̀gá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí ní Sátidé tó kọjá. Àyà mi ò tíì balẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Tóbi, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Atlanta níbí, ló ń ṣe fíìmù nípa ìgbésí ayé òṣèré àtijọ́ kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọ̀gá. Ó ní òun ò fẹ́ kó jẹ́ pé ọkùnrin nìkan ni yóò máa sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Mo ní ṣé ó mọ̀ pé Màmá Bọ́sẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Stockbridge ti bá Ọ̀gá ṣeré rí? Ọmọ náà fò mọ́ mi.

Èmi ni mo gbé Màmá lọ síbi tí wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Èmi náà ni mo bá wọn kọ fọ́ọ̀mù. Níbi orúkọ, mo kọ Mama Bose. Kí lẹ fẹ́ kí n kọ? Ọdún mọ́kànlá la ti jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, orúkọ tí mo mọ̀ nìyẹn. Ta ló máa wojú àgbàlagbà, kó ní kí ni orúkọ yín? Wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. Màmá kàn fọwọ́ sí i ni, awò wọn ò sí lójú.

Tóbi wá pè wá sílé wọn ní Suwanee ká wá wo fíìmù náà. Aago márùn-ún ló gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó máa gbé e jáde, kò sì ní ṣeé tún ṣe mọ́ lẹ́yìn náà. Aago mẹ́rin ti kọjá nígbà tá a jókòó.

Màmá ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àfi ìgbà tí ojú wọn yọ, tí 'Mama Bose' hàn nísàlẹ̀. Wọ́n ní kí Tóbi dá a dúró.

Mo ti kúnlẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n má bínú, pé ọ̀wọ̀ ni.

"Mo mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni," Màmá ní. "Láyé ọjọ́sí, orúkọ Ọ̀gá gàdàgbà ló máa ń wà lára pósítà. Èmi wà nínú 'àti àwọn mìíràn.' Ọ̀gá náà ní ọ̀wọ̀ ni, pé ìyàwó ilé ni mí, kò yẹ kórúkọ mi wà níta. Eré àtijọ́ tẹ́ ẹ̀ ń wò nínú fíìmù yìí, wọn ò tíì bí Bọ́sẹ̀ nígbà tí mo ṣe é."

Ojú tì mí, mi ò lè gbórí sókè. Tóbi ló wá béèrè gbàǹgbà: "Grandma, please, kí ni real name yín?" Ó fẹ́ ṣe mí bíi kí n fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Màmá dáhùn: "Déborà Àyìnkẹ́ Ọlátẹ́jú." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ ọ nìyẹn.

Ogún ìṣẹ́jú ló kù. Tóbi tún orúkọ náà kọ, kọ̀ǹpútà ń yí. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí aago márùn-ún lù ló tó lọ. Màmá wá awò wọn jáde, wọ́n sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ka orúkọ ara wọn sókè.

Ọ̀wọ̀ dáa, mi ò ní fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé èèyàn lè fi bo ẹlòmíì mọ́lẹ̀ láìmọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ìyá wo lẹ̀ ń kí ní gbogbo Sọ́ńdè tẹ́ ò mọ orúkọ wọn? Ẹ rọra béèrè, kẹ́ ẹ wá sọ fún wa bó ṣe rí lójú wọn nígbà tí wọ́n dáhùn.