Ìsàlẹ̀ Apẹ̀rẹ̀ Tòmátì

Hàlímátù ọmọ mi ló ń darí ẹgbẹ́ wa tó ń fi tòmátì ọrẹ láti ọjà Mile 12 se oúnjẹ fáwọn arúgbó Kétu. Ẹnì kan kọ ọ́ sí Facebook pé ńṣe là ń tà á. Àwọn oníṣòwò láwọn ò ní fún wa mọ́, àyàfi Alhaji Jímọ́ọ̀.

"Apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá ń wọlé, mẹ́rin péré ló ń dé ìkòkò," ni mo wí. "Tú u níwájú fóònù, kí wọ́n rí i."

"Daddy, Alhaji Jímọ́ọ̀ ló kó tòní wá! Tójú bá tì wọ́n ńkọ́?"

"Táwọn arúgbó bá febi sùn ńkọ́?"

Ó tan fídíò. Ó da apẹ̀rẹ̀ kan sílẹ̀. Èyí tó wà lókè ń dán, ìsàlẹ̀ ti jẹrà. Ó gbé e sí Facebook, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Fóònù dún. Alhaji ni.

"Hàlímátù, èmi fúnra mi ni màá ṣa tọ̀la."